Sítáǹdì Mẹ́ta Láti Inú Ìwé Kan

Ọdún méjìdínlógún ni Bàdírátù Akínbíyìí fi ń wá àṣìṣe nínú ìwé kó tó rí ẹni tó fi ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ṣe nǹkan.

Ọ́fíìsì kan ní Ring Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti máa kọ ìlànà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: bí irin ilẹ̀kùn ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, iye ìṣó tó yẹ kó wọ páànù kan, iye ọjọ́ tí búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ lò nílẹ̀ kí wọ́n tó fi mọlé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ló ń kọ ọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jiyàn, wọ́n á mu tíì, wọ́n á fọwọ́ sí i, ìwé á lọ sílé ìtẹ̀wé, á sì padà dé nínú páálí. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ á wá kó tiwọn. Ìyókù á wà nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí Bàdírátù sí. Bàbá rẹ̀ ń tún pọ́ǹpù omi ṣe, òun ló sì máa ń di pọ́ǹpù náà mú nígbà tí bàbá bá ń yí nọ́ọ̀tì. Torí ìyẹn ló ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé yóò máa bójú tó yàrá tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò. Kò sí yàrá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní tábìlì kan àti bírò pupa kan, wọ́n ní kó máa wo àmì ohùn àti nọ́ńbà ojú ewé. Ó ń wò ó. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò sí ìwé kan tó jáde tí ojú ewé kejìlá ṣíwájú ìkọkànlá.

Bó ṣe ń kàwé níbi iṣẹ́ náà ló ń kà á nílé. Nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà ní Àpáta, ń ru, wọ́n kọ ọ́ sára àpò oògùn pé kó máa lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bàdírátù padà lọ bá ẹni tó ta oògùn náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹyọ kan náà ni wọ́n máa lò lẹ́ẹ̀mejì, àbí ẹyọ méjì ni?"

Ẹni náà wò ó títí. "Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, ma."

"Ẹ bá wa kọ ìyẹn sí i."

Ó kọ ọ́. Ọkọ Bàdírátù ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàdírátù ní òun náà mọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, sítáǹdì táǹkì kan wó ní Agbowó. Sítáǹdì ni irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n máa ń gbé táǹkì omi lé, kí omi lè lágbára láti sáré dé ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lèyí wà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sí kíláàsì. Ó wó lu ṣọ́ọ̀bù Àyọ̀ká alágbàfọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra èédú. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó fọ́ tábìlì rẹ̀ sí méjì, ó tẹ́ páànù rẹ̀ pẹrẹsẹ, aṣọ mọ́kànlá tí obìnrin náà ti lọ̀ tán sì tún di tútù.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan wọ ọ́fíìsì Ring Road pẹ̀lú ìwé kan nínú ọ̀rá. Mánsúrù lorúkọ rẹ̀, jórinjórin ni ní Mọ́kọ́lá, yóò tó ẹni ogójì ọdún. Òun ló ṣe sítáǹdì náà. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mọ ibi tí wọ́n ń darí ẹni tó bá gbé ìwé wọn padà wá sí, wọ́n bá ní kó lọ rí Ìyá Safiyyah. Bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pe Bàdírátù nìyẹn, nítorí àkọ́bí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ma. Ṣé ibí ni wọ́n ti kọ ìwé yìí?"

"Ibí ni."

"Mo tẹ̀lé e."

Ó ṣí i sí ojú ewé kẹsàn-án, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Àmì ìka tó ní ọ́ìlì wà lára ojú ewé náà. Bàdírátù kò tíì rí ọ́ìlì lára ìwé wọn rí. Ó kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ilé ìtẹ̀wé ni.

Ohun tí ìwé náà sọ nìyí: *Fi irin so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní àárín. Má ṣe fi irin kankan tí ìwé yìí kò dárúkọ kún un.*

Mánsúrù ní, "Mo wọn ẹsẹ̀ náà, mo rí àárín rẹ̀, mo fi irin yí i po níbẹ̀. Ìwé ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"O ò wá fi irin tó dagun sí i, láti igun dé igun?"

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fi í sí i, ma. Onílé ló gbé ìwé yín fún mi, ó ní iṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Ìwé ní kí n má fi nǹkan kan kún un. N kò fi nǹkan kan kún un."

Bàdírátù ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì ohùn tó wà lórí *àárín* pé pérépéré. Òun ló fi wọ́n síbẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó tiẹ̀ rántí ọjọ́ náà: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gbàgbé àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́, òun rí i, inú òun sì dùn pé òun rí i. Lọ́jọ́ tí Mánsúrù wá yìí, kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó gbé wá láti ilé.

Kó tó lọ, Mánsúrù sọ fún un pé wọ́n ti ń pe òun ní Àgbàrá ní Mọ́kọ́lá. Ẹgbẹ́ àwọn jórinjórin ti ní kó fi ipò akọ̀wé sílẹ̀ ná. Ẹni tó fẹ́ ṣe irin ojú fèrèsé lásán, tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú omi, ti wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ni Ẹnjiníà Adésànyà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Bódìjà. Bàdírátù kó ọ̀rọ̀ Mánsúrù lọ bá a. Ó gbọ́ ọ tán.

"Àárín ni àárín, Ìyá Safiyyah. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á mọ ohun tí a ní lọ́kàn."

"Ó mọṣẹ́, sà. Ohun tí a kọ ló ṣe."

Ẹnjiníà ní wọ́n á gbé e yẹ̀ wò. Rédíò ti sọ̀rọ̀ nípa táǹkì Agbowó, ìgbìmọ̀ sì ti pinnu láti tún ìwé náà kọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tún un kọ. Bàdírátù ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nígbà tí wọ́n parí, ojú ewé kẹsàn-án ti di: *Fi irin so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ dáadáa ní àárín.* Wọ́n fi gbólóhùn kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ sọ pé bí kò bá sí i, kálukú á máa fi ohun tó wù ú kún un.

Níbi ìpàdé tó kẹ́yìn, wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kí ó lọ sílé ìtẹ̀wé. Bàdírátù gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó nawọ́ sókè. Kò nawọ́ rí ní gbogbo ọdún tó fi ń jókòó síbẹ̀, nítorí náà wọ́n rò pé ó fẹ́ jáde lọ kírun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ti fi ìwé yìí ṣe sítáǹdì kan wò?"

Ẹnì kan ro tíì rẹ̀.

Ẹnjiníà Adésànyà ní, "Ìwé là ń kọ níbí, Ìyá Safiyyah. A kì í jó irin."

"Mo mọ̀, sà. Àwọn tó ń jó o wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá máa wó, kó wó nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ló wọ Ẹnjiníà létí, nítorí ilé ìtẹ̀wé ti sọ fún wọn pé bí àwọn bá ti tẹ̀ ẹ́, àwọn kò ní gbà á padà. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irin tí ọ́fíìsì kó jọ fún gáréèjì tí wọn kò kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó ti ń dípatà. Wọ́n ní kó lo ìyẹn.

Ó wá jórinjórin mẹ́ta. Ọ̀kan ni Bàbá Olúrótìmí ní Challenge, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó sì ti kọ́ jórinjórin tó pọ̀ níṣẹ́. Èkejì ni Ọmọ́fẹ́ ní Ṣàngó, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ẹ̀kẹta ni Mánsúrù.

"Ẹ fẹ́ kí n tún ṣe èyí tó wó?" Mánsúrù bi í.

"Mo fẹ́ kí o ṣe ohun tí ìwé sọ."

"Bó bá tún wó ńkọ́?"

"Níwájú àwọn tó kọ ọ́ ló máa wó."

Mánsúrù bèèrè ibi tí irin wà.

Ohun kan náà ni Bàdírátù sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má pè mí. Ẹ má pe ara yín. Ohun tí ìwé bá sọ ni kí ẹ ṣe. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ ṣe é bó ṣe yé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yé yín. Bàbá Olúrótìmí ní kò sí ohun tí kò ní yé òun. Ọmọ́fẹ́ ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí Bàdírátù tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n wá ri sítáǹdì wọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹnìkan má baà wo ti ẹnìkejì. Ìwé ní kí wọ́n jẹ́ kí kọnkéré tó wà nídìí ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa. Mánsúrù fún un ní ọjọ́ kan. Bàbá Olúrótìmí fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ́fẹ́ fún un ní ọjọ́ méje, ó sì ń wá bomi rin ín láràárọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ká ọ̀rá tí Bàdírátù fi bò wọ́n kúrò. Ìgbìmọ̀ jáde wá wò wọ́n.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn sítáǹdì náà kò ga bákan náà. Ìwé ní kí ó ga ní mítà mẹ́ta. Mánsúrù wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀. Bàbá Olúrótìmí wọn irin kó tó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tirẹ̀ sì kúrú ní ìdajì mítà. Ọmọ́fẹ́ wọn tirẹ̀ láti orí kọnkéré, kọnkéré rẹ̀ sì yọrí sókè díẹ̀.

Ìwé ní kí àkàbà wà ní apá ọ̀tún. Ti Mánsúrù wà lápá ọ̀tún ẹni tó bá dojú kọ sítáǹdì. Ti Bàbá Olúrótìmí wà lódì kejì, nítorí ó ní sítáǹdì ló ni ọ̀tún, kì í ṣe ẹni tó ń wò ó. Ti Ọmọ́fẹ́ ní àkàbà méjì.

"Kí ló dé tí tìrẹ fi jẹ́ méjì?" Ẹnjiníà bi í.

Ọmọ́fẹ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á: "'Ojú ewé kọkànlá. N kò mọ ọ̀tún ta ni.'"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo àárín. Mánsúrù fi irin kan yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po ní agbedeméjì gíga wọn, bó ti ṣe é ní Agbowó, àmọ́ ó jó o dáadáa, bí ìwé tuntun ṣe sọ. Bàbá Olúrótìmí fi irin méjì dábùú ara wọn lójú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pàdé ní àárín. Ọmọ́fẹ́ na irin mẹ́rin láti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá pàdé ní àárín gbùngbùn abẹ́ táǹkì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀.

Ẹnjiníà Adésànyà ní, "Àwọn wọ̀nyí ò ka ìwé."

"Wọ́n kà á, sà," Bàdírátù ní. "Ẹ fi ìka tọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣe ohun tí a kò kọ."

Ẹnjiníà gba ìwé, ó ṣí i, ó wo sítáǹdì, ó wo ìwé. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dá ìwé padà, kò sì fi ìka tọ́ ibì kankan.

Wọ́n gbé táǹkì lítà ẹgbẹ̀rún méjì lé ìkọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ elómi sì rọ omi kún wọn. Bàdírátù ti fi ṣọ́ọ̀kì yí ilẹ̀ po káàkiri àwọn sítáǹdì náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá ìlà. Ó fi okùn tó ní òkúta nídìí kọ́ sára sítáǹdì kọ̀ọ̀kan kó lè mọ èyí tó bá tẹ̀. Ó tún so okùn gígùn mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi táǹkì kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá fà á láti òkèèrè fi lè tú omi jáde. Wọ́n gbé àga wá fún ìgbìmọ̀. Wọ́n gbé tíì wá.

Fún wákàtí méjì, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan kọjá díẹ̀, òjò ṣú lápá Àpáta, atẹ́gùn díẹ̀ sì fẹ́. Bàdírátù rìn lọ sẹ́bàá ìlà, ó wo okùn ti Mánsúrù.

"Ó ti fi ìbú ìka kan kúrò lójú rẹ̀."

"Atẹ́gùn ló mi òkúta," ni Ẹnjiníà wí.

"Òkúta ò kúrò lójú kan, sà. Sítáǹdì ló kúrò."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ìka méjì. Mánsúrù dìde lórí korobá tó jókòó lé. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Agbowó nìyí. Onílé ní òun rí i láàárọ̀ pé ó tẹ̀, òun rò pé ojú òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú omi yẹn."

Bàdírátù fa okùn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò tíì dà dé ìdajì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan fi ká, sítáǹdì náà sì rọra kúnlẹ̀, kò yára rárá, gbogbo èèyàn ló rí i. Táǹkì yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó là. Omi ṣàn kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì lọ sábẹ́ àga ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń sùn jí.

Kò sí ẹni tó fara pa. Oríkèé irin tí Mánsúrù jó kò já níbì kankan. Ẹsẹ̀ ló tẹ̀, nítorí kò sí irin tó dagun láti dì í mú. Bàbá Olúrótìmí rìn yí i ká, ó fọwọ́ kan àwọn oríkèé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ ọmọ yìí mọ́," ó ní. "Ẹ má dá a lẹ́bi."

Ẹnjiníà Adésànyà dúró nínú omi pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ó bi Bàdírátù pé ta ló dábàá kí wọ́n fi *dáadáa* kún ojú ewé kẹsàn-án. Bàdírátù ní òun á wo àkọsílẹ̀. Ó wò ó.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Hùn-ún."

Mánsúrù ti padà jókòó sórí korobá. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Bàdírátù lọ dúró tì í.

"Èmi ni mo wo ojú ewé yẹn kó tó jáde. Mo wo àmì orí rẹ̀. N kò wo ohun tó ń sọ. Má bínú."

Mánsúrù ní, "Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé ló wó, èmi kọ́?"

Ó kọ ọ́ sórí ìwé ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, ní gbólóhùn mẹ́rin. Ẹnjiníà Adésànyà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbólóhùn kan ṣe kí ó lè le sí i, ó fọwọ́ sí i. Mánsúrù fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibi tí ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn ní Àgbàrá á ti kọ́kọ́ rí i. Ẹgbẹ́ dá ipò akọ̀wé rẹ̀ padà fún un.

Ìwé náà gba àtúnṣe mẹ́tàléláàádọ́ta. Wọ́n rí *dáadáa* níbi mọ́kàndínlógún. Bàdírátù ní kí wọ́n yọ gbogbo wọn, kí wọ́n fi nọ́ńbà síbẹ̀, tàbí àwòrán. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní èyí kò ní jẹ́ kí ìwé náà dùn ún kà mọ́. Ó gbà fún wọn pé kò ní dùn ún kà.

Nígbà tí wọ́n parí, ó tún gbé e fún jórinjórin méjì mìíràn tí wọn kò rí ìwé náà rí. Sítáǹdì méjì jáde. Gíga wọn bára mu, àkàbà wọn wà lójú kan náà, omi wà lórí wọn fún oṣù kan tí òkúta kò sì yẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ búlúù. Ìgbìmọ̀ fẹ́ fi ọ̀dà sínú ìwé. Bàdírátù ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún onílé.

Oṣù mẹ́jọ ni ìwé náà fi pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n dá. Lọ́jọ́ tó jáde, Ẹnjiníà Adésànyà sọ fún àwọn oníròyìn pé ìgbìmọ̀ òun ti ní in lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé kankan kò ní jáde láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò. Bàdírátù wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà náà, ìwé kankan kò jáde láìjẹ́ pé wọ́n dán an wò.

Ní oṣù tó kọjá, onílé kan ní Bódìjà gbé iṣẹ́ sítáǹdì fún Mánsúrù. Ó lo ìwé tuntun. Bàdírátù wọ kẹ̀kẹ́ lọ wò ó lọ́jọ́ tó parí. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo irin tó dagun.

"Ṣé ibì kankan ṣì wà tí o ti ní láti méfò?"

Mánsúrù kọ́kọ́ ní rárá. Lẹ́yìn náà ó họ orí.

"Ojú ewé kẹrìnlá, màmá. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ páìpù."

Bàdírátù wá ibi jókòó.